Kí Ló Dé Tí Àgbò Tó Ń Jẹun Fi Ń Rù?

Ọ̀pọ̀ àgbò tí wọ́n ń so mọ́ iwájú ilé ní Ọjọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ọjà Alaba Rago ni wọ́n ti rà wọ́n. Ẹlòmíràn á ti ra tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú Iléyá, kí ọjà tó gbówó lórí. Á máa fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo iṣu, eèrí àti koríko tí àwọn ọmọ gé wá láti etí ọ̀nà. Àgbò á máa jẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, irun rẹ̀ á ṣá, á máa dá dúró sí kọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì lé e díẹ̀ báyìí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó ni ín á yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò: kóró-kóró ló wà, kò ṣu olómi. Ẹnu rẹ̀ kò sì yéé jẹ. Níbo wá ni gbogbo oúnjẹ yẹn ń lọ?

Èsì tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu aládùúgbò ni pé aràn ni, kí wọ́n lọ ra oògùn aràn. Nígbà mìíràn aràn náà ni lóòótọ́, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò lè rí nínú ìgbẹ́, nítorí kì í gbé inú ìfun rárá. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ohun tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa ni àwọn hóró tín-ń-tín tó ń gbé atẹ́gùn tí ẹran fà símú kiri gbogbo ara. Hóró pupa ni a ó máa pè wọ́n. Ti àgùntàn kéré ju ti ènìyàn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó fi púpọ̀ dí i: nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ mílímítà kan níbùú, lóòró àti níjìn, mílíọ̀nù 9 sí 15 ló wà níbẹ̀, nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5. Bí dókítà ẹranko bá fa ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí ara rẹ̀ le sínú ọ̀pá dígí tín-ín-rín, tó fi ẹ̀rọ yí i kíákíá títí ẹ̀jẹ̀ fi pín, apá tó pupa á gba 27 sí 45 nínú 100. Omi aláwọ̀ ìyeyè ló gba èyí tó kù. Ní ààlà àwọn méjèèjì, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan á hàn, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara kóra jọ sí. Ẹ fi ìlà funfun yẹn sọ́kàn.

Hóró pupa kì í pẹ́ láyé. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe tuntun, ẹ̀yà inú ẹran tí wọ́n ń pè ní àmọ́, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀, ló sì ń kó èyí tó ti gbó kúrò nílẹ̀. Irin àti àwọn èròjà amúnidàgbà tí iṣẹ́ yìí ń gbà, inú oúnjẹ ni wọ́n ti ń wá. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣẹ̀dá bá ń bá ìparun dọ́gba, ìyókù oúnjẹ á di ẹran itan àti ọ̀rá. Bí ìparun bá wá yá ju ìṣẹ̀dá lọ, ibi àtúnṣe ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ ń bá lọ, ibà á sì tún jó lára èyí tó ṣẹ́kù. Àgbò á jẹ àjẹyó, kò sì ní sanra.

Ta ló ń fa ìparun náà? Oríṣi afòmọ́ mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀, ibi tí kálukú ń gbé nínú ẹ̀jẹ̀ la sì fi ń dá wọn mọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ni mo pè ní òmùwẹ̀. Trypanosoma ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kì í wọ inú hóró, àárín wọn ló ń lúwẹ̀ẹ́. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mì fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. David Bruce, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ló fi hàn ní nǹkan bí 1895 pé òun ló ń pa màlúù àti ẹṣin nílẹ̀ Zulu ní Gúúsù Áfíríkà. Mẹ́ta nínú wọn ló ń bá àgùntàn wa jà: T. vivax, T. congolense àti T. brucei. Bí a bá fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tútù sábẹ́ máíkíròsíkóòpù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, T. vivax á sáré já ojú awò láti ìhín dé ọ̀hún, hóró pupa á máa ta kúrò lọ́nà fún un. T. congolense kì í sáré. Abẹ́ hóró ló ń sá sí, á máa jà pìtìpìtì lójú kan.

Èkejì ni ìbejì, Babesia. Victor Babes, ọmọ ilẹ̀ Romania, ló kọ́kọ́ rí i lára màlúù ní 1888, kó tó tún rí irú rẹ̀ lára àgùntàn. Òun a máa wọ inú hóró pupa lọ, á pín ara rẹ̀ sí méjì níbẹ̀, orí àwọn méjèèjì á sì kanra. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ sínú hóró mìíràn, wọ́n á fọ́ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Theileria. Èyí tó ń jẹ́ Theileria ovis kì í sábà ṣe àgùntàn ní ohun tó le, nítorí náà a ó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta kéré jù wọ́n lọ. Anaplasma ovis ni, bakitéríà sì ni. Etí hóró pupa ló ń jókòó sí, àmì dúdú kíún kan báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ iṣẹ́ á rò pé ìdọ̀tí aró tí wọ́n fi kun dígí ni.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ara àgbò tí a so mọ́ òpó ní Okokomaiko? Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ òmùwẹ̀, eṣinṣin tsetse ni gbogbo ìwé ń kọ́kọ́ dárúkọ, wọn kò sì parọ́. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni eṣinṣin yìí ń jẹ, àtakọ àtabo. Kì í yé ẹyin. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń tọ́ nínú lẹ́ẹ̀kan, tí á fi di ìdin ńlá kó tó bí i sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni òmùwẹ̀ ti ń dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó lè ran ẹran. Ìbòòji igbó etí omi ló fẹ́ràn ní gúúsù Nàìjíríà. Nítorí náà, láàárín ilé tó fún mọ́ra lẹ́bàá títì Badagry, èmi kò ní kọ́kọ́ nàka sí tsetse.

T. vivax kò fi dandan nílò rẹ̀. Àwọn eṣinṣin mìíràn wà tó ń gé ẹran jẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Stomoxys, jọ eṣinṣin inú ilé gan-an, àfi pé ẹnu tirẹ̀ ṣóńṣó, ó sì máa ń dunni bó bá bà léni lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀jẹ̀ lára àgbò kan, àgbò ju ìrù, ó fò, ó bà lé èkejì, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ kí ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí jìnnà sí wa. Kò sí tsetse ní Gúúsù Amẹ́ríkà, síbẹ̀ wọ́n rí T. vivax ní French Guiana ní 1919, ó sì ti tàn dé Brazil láti ìgbà náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé màlúù tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló gbé e débẹ̀. Níbi tí ogún àgbò bá ti ń fara gbora nínú ọgbà kan nígbà tí Iléyá ń bọ̀, irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀ kò ní rìn jìnnà.

Eégbọn ló ń gbé Babesia, òun náà ló sì sábà máa ń gbé Anaplasma. Ẹ gbé ìrù àgbò sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí irun kò sí. Ẹ wo inú etí, ẹ wo abẹ́ abíyá àti ìsàlẹ̀ ikùn. Eégbọn tí kò tíì mu nǹkan pẹlẹbẹ, ó ṣòro rí. Èyí tó ti mu yó á wú, á dán, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú. Kì í mu kó sì máa lọ. Ó lè wà lójú kan náà fún ọjọ́ púpọ̀, Babesia tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í gbó tó láti ranni ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gé ẹran jẹ. Ẹni tó bá ń yọ eégbọn àgbò rẹ̀ lójoojúmọ́ ń ṣe iṣẹ́ tí oògùn olówó iyebíye kò lè ṣe.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ eégbọn ni ti ẹyin. Abo eégbọn tó mu ẹ̀jẹ̀ àgbò aláìsàn yó á já bọ́, á wá ihò lára ògiri tàbí abẹ́ ìpàǹtí, á yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀. Babesia a máa gba inú ìyá wọ inú ẹyin. Àwọn ọmọ tó bá pa níbẹ̀ kò tíì gé ẹran kankan jẹ rí, àrùn ti wà lára wọn. Wọ́n sì lè dúró ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun. Báyìí ni àgbò ọdún yìí ṣe lè kó àrùn àgbò èṣí nídìí òpó kan náà, nígbà tí ẹran èṣí ti di ohun tí gbogbo àdúgbò jẹ tí wọ́n gbàgbé.

Ọ̀nà kẹta kò ní ìyẹ́, kò lẹ́sẹ̀: abẹ́rẹ́ ni. Ẹni tó ń fún ẹran lóògùn á wọ ọgbà, á fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gún gbogbo àgbò tó wà níbẹ̀ tẹ̀léra. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lẹ́nu abẹ́rẹ́ kò tó nǹkan lójú wa, ó tó Anaplasma láti fi ṣí ilé tuntun. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń tẹ ẹran lọ́dàá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yí padà ní àdúgbò wa, abẹ́rẹ́ ni màá dárúkọ ṣáájú eṣinṣin, nítorí òun wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Nígbà tí afòmọ́ bá ti wọlé, ó rọrùn láti rò pé òun ló ń mu ẹ̀jẹ̀ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti yani lẹ́nu. Ní ti òmùwẹ̀, ara àgbò fúnra rẹ̀ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú hóró pupa tó ń ṣègbé. Àwọn hóró ńlá kan wà nínú àmọ́ àti ẹ̀dọ̀ tó ń gbé hóró pupa tó ti gbó mì. Bí òmùwẹ̀ ṣe ń kú nínú ẹ̀jẹ̀, èérún ara wọn á máa lẹ̀ mọ́ hóró pupa tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn agbémì náà á rí àbàwọ́n yìí, ibà àti ogun tó ń lọ á sì ti mú wọn gbóná janjan. Hóró tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì, mẹ́ta, wọ́n á gbé e mì mọ́ èyí tó gbó. Àmọ́ á wú, alápatà á rí i. Mùdùnmúdùn á kọ́kọ́ sá gbogbo agbára rẹ̀ láti dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá pẹ́, ara á há irin mọ́, iṣẹ́ á sì dẹwọ́ nínú egungun. Nínú ohun tí Ànábì Muhammad ní kí wọ́n má fi ṣe ẹran Iléyá ni èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba, àti èyí tó rù débi pé kò sí mùdùnmúdùn nínú egungun rẹ̀ mọ́. Lójú ẹni tó ń ka ẹ̀jẹ̀, òpin ọ̀nà kan náà ni méjèèjì.

Ti ìbejì yàtọ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an ló ti ń fọ́ hóró, àwọ̀ pupa inú rẹ̀ á dà sínú omi ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sẹ́ ẹ jáde. Ìtọ̀ àgbò á pupa. Ti Anaplasma, inú àmọ́ ni wọ́n ti ń gbé hóró mì, kò sí ohun tó dà sínú ìtọ̀; funfun ojú ni á máa di àwọ̀ ìyeyè. Àmì wọ̀nyí dára láti mọ̀, àmọ́ kí ẹ má fi gbogbo ara gbé e: ẹran kan lè kó méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Àwọn tó ń sin àgbò mọ ohun mìíràn: ibà náà á lọ, inú olówó ẹran á dùn, á tún padà. Ẹ ti rí eégún onídán lójú agbo, bó ṣe ń yí aṣọ rẹ̀ padà tó sì ń di ohun mìíràn kí ojú tó ṣẹ́. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ nìyẹn. Aṣọ kan ṣoṣo ló bo gbogbo ara rẹ̀, aṣọ yẹn sì ni àwọn ọmọ ogun ara fi ń dá a mọ̀. Wọ́n á lo ọjọ́ mélòó kan láti kọ́ bí wọ́n ṣe máa mú un, wọ́n á sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Ibà á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ti pààrọ̀ aṣọ, ọmọ ogun kò dá wọn mọ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyí á bí sí i, ibà á tún gbéra. Nínú T. brucei, èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù, àpótí aṣọ náà ní ju 1,000 oríṣi lọ. Nítorí èyí ni kò fi sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní.

Ó wá ku ìbéèrè kan tó máa ń bí àwọn onílé nínú. Àgùntàn kúkúrú tó ń jẹ kiri lójú títì Ìbà, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní oògùn, ń bímọ, ó ń tọ́mọ. Àgbò Balami funfun gàgàrà tí wọ́n fi owó ńlá rà, tàbí Uda tí iwájú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ló ń kú. Kì í ṣe orí burúkú. Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa ti bá òmùwẹ̀ gbé láti ìrandíran. Èyí tí kò lè fara dà á ti kú láìbímọ. Afòmọ́ lè wà lára rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó pọ̀, kì í sì í pa hóró pupa tirẹ̀ ní ìpakúpa. Àgbò òkè Ọya kò ní ìtàn yẹn lẹ́yìn, ilẹ̀ gbígbẹ tí tsetse kò pọ̀ sí ni wọ́n ti bí baba rẹ̀. Wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú ebi àti òùngbẹ, àárẹ̀ yẹn á jí àrùn tó ti sùn lára rẹ̀, tàbí kó dé bá tuntun ní Èkó.

Ọ̀yọ́ Ilé mọ ìyà yìí kí ẹnikẹ́ni tó ní awò. Ẹṣin ni agbára ogun wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń rà láti ilẹ̀ àríwá lọ́dọọdún, nítorí ẹṣin kì í pẹ́ láyé bó bá ti wọ ìhà igbó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìtàn ka òmùwẹ̀ mọ́ ohun tó dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ dúró ní etí igbó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní 1947 ni wọ́n dá ilé ìwádìí àrùn yìí sílẹ̀ ní Kaduna fún gbogbo ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì wà níbẹ̀ di òní gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ àgbò yín tó, ẹ lọ bá a lójúmọmọ, ẹ má lo iná fóònù. Ẹ há orí rẹ̀ mọ́ apá. Ẹ fi àtàǹpàkò kan rọra ti ìpéǹpéjú òkè bo ẹyin ojú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, kí ẹ fi èkejì fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Awọ inú rẹ̀ á yọ síta. Bó bá pupa dáadáa, ẹ̀jẹ̀ wà. Bó bá ti ń funfun, ọ̀ràn wà nílẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti tẹ káàdì aláwọ̀ márùn-ún jáde fún àyẹ̀wò yìí, FAMACHA, láti ara orúkọ dókítà ẹranko Faffa Malan.

Aràn ni wọ́n sì ṣe káàdì yẹn fún. Haemonchus, aràn tó ń gbé inú àpòlúkù kẹrin àgùntàn, ń mu ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́: ọ̀kan lè fa ìdá ogún mílílítà kan lójúmọ́, 5,000 rẹ̀ á sì kó ìdá mẹ́rin lítà kan lọ. Abẹ́ àgbọ̀n ẹran á wú. Ojú funfun ń sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Kò sọ ẹni tó kó o.

Dígí ló ń sọ ọ́. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ mú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti iṣan etí, á kán an sórí dígí, á fi etí dígí mìíràn tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á jẹ́ kó gbẹ, á fi aró Giemsa kùn ún. Ìbejì àti àmì etí hóró á yọ ní àwọ̀ àlùkò. Fún òmùwẹ̀ tí kò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀pá dígí tí wọ́n yí ni á wò, ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, nítorí ìtòsí ibẹ̀ ni òmùwẹ̀ ń kóra jọ sí. Iṣẹ́ yìí kò gba ọ̀sẹ̀ kan, kò tó wákàtí méjì.

Ó sì sàn ju oògùn tí wọ́n ń fi àfọ̀jù rà lọ. Ivermectin, tí wọ́n ń gún fún gbogbo àìsàn, ń pa aràn, kò kan òmùwẹ̀ tàbí ìbejì. Diminazene, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fi omi pò, ń pa òmùwẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Babesia, kò kan Anaplasma. Oxytetracycline ló ń mú Anaplasma. Ìwúwo ẹran la fi ń díwọ̀n wọn. Ẹni tó bá pín ìdì kan fún àgbò mẹ́ta nítorí owó kò tíì wo ìkankan sàn. Òmùwẹ̀ tí oògùn kò tó pa ló ṣẹ́kù láti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ni oògùn náà kò ní ràn mọ́.

Ṣé ẹran àgbò bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn yìí ran ẹni tó jẹ ẹ́? T. vivax àti T. congolense kò lè gbé inú ènìyàn. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, APOL1 ni orúkọ rẹ̀, tó ń dá ihò sínú wọn títí wọ́n á fi bẹ́. Ẹ̀yà T. brucei tó ń fa àrùn oorun ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn pé oríṣi APOL1 méjì wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó lágbára ju ti gbogbo ayé lọ lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú oríṣi méjì yẹn gba nǹkan bíi 38 nínú 100. Àmọ́ ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn. Àgùntàn kò ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹran bẹ̀rù ni oògùn. Diminazene a máa pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Isometamidium, oògùn òmùwẹ̀ kejì, a máa dúró níbi tí wọ́n gún un sí. Ara ìdì oògùn ni wọ́n kọ iye ọjọ́ tó yẹ kó kọjá kí wọ́n tó pa ẹran. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra àgbò ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ná an tán, ẹ bi Màlámù tó ń tà á ní ọjọ́ tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kẹ́yìn àti orúkọ ohun tí wọ́n gún un.